Ìkíni Ìrágbìjí

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, àwa òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo pupa pé jọ síwájú Olùdarí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n a dé fìlà fún un kí ẹ̀rù má baà máa ba àwọn oníbàárà. Bí a ṣe ṣe àmín àdúrà tán, ó sọ̀rọ̀.

"A ó ti ẹ̀ka Ìrágbìjí pa. Ìkíni ni wọ́n fi ń lo gbogbo àárọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ṣé adìyẹ jí dáadáa! Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ fún epo?"

Gbogbo wa wo Ìyá Ọ̀pẹ́gbèmí, olórí ẹ̀ka náà. Bí wọ́n bá tì í pa, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun àti gbogbo àwọn èèyàn rẹ̀ nìyẹn.

Láwuyì tó jókòó tì í rọra sọ pé, "Màmá, ẹ bá a jiyàn!"

"Ta ní ń bá ọmọdé jiyàn?" Ìyá dìde, ó tún fìlà ẹ̀rọ náà ṣe. "Olùdarí, ta ló kí ọ láàárọ̀ yìí?"

"Kò sí."

"Háà! Àdìgún, ọmọ irin tí kì í rẹ̀! Ajẹná-má-jóná, a-mu-oòrùn-yó bí ẹni mu ẹ̀kọ! O kú iṣẹ́, o kú àìsùn, o kú ìfaradà àwa aláriwo wọ̀nyí!"

Iná ojú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

"Ọ̀rọ̀ Ìrágbìjí di ọdún tó ń bọ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún kí mi."