Ojúewé Tó Wà Nípamọ́

Ní ọdún 2005, Bọ́lánlé ló ń bójú tó kafé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Ìkọ̀lé. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Bí oníbàárà bá dìde, á pa gbogbo ibi tó yà sí rẹ́ kúrò nínú búráúsà tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rọ bá sì béèrè bóyá kí òun rántí páswọ́ọ̀dù, rárá ló máa ń tẹ̀. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn káńtà nìkan ló gbà láyè láti rántí ti Màmá Adéyínká.

Adéyínká wà ní London. Bó bá dé ní Kérésì, ó fẹ́ gbé Bọ́lánlé níyàwó. Òun ló ṣí àpótí lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìyá rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ẹtì sì ni Màmá ń gun ọ̀kadà wá láti Ayébòdé kí Bọ́lánlé lè ka lẹ́tà rẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹta, kí Màmá tó dé, Bọ́lánlé ṣí àpótí náà. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí Adéyínká ń bá gbé. Ọkọ̀ ti pa Adéyínká. Bọ́lánlé kà á lẹ́ẹ̀kan. Kò sunkún. Ó ro ti ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, ó sì ro ti pé Adéyínká nìkan ni ọmọ tó bí. Búráúsà máa ń fi ẹ̀dà ojúewé tó bá ti ṣí rí pamọ́, èèyàn sì lè kà á láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wá lẹ́tà Adéyínká tó gbẹ̀yìn rí níbẹ̀, ó já ẹ̀rọ náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó jókòó.

"Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, Màmá. Ti ọjọ́sí nìkan ló ń ṣí."

"Kò burú, ìyàwó mi. Kà á bẹ́ẹ̀."

Ó kà á: òtútù ti ń lọ, ó ti ra bàtà fún Bọ́lánlé, ṣé wọ́n ti gbin iṣu?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́lánlé ń ṣí kafé, ó ń tì í, bí ẹni pé ara ẹlòmíràn ló ń lò. Màmá á gbé oúnjẹ wá. "Jẹ ẹ́ níṣojú mi kí n tó lọ ulé." Bí Bọ́lánlé bá díbọ́n bí ẹni fẹ́ tún ojúewé náà pè, Màmá á di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fi í sílẹ̀. Eléyìí náà tó."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀gá kafé rán Festus, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, wá láti Adó kó wá wo ẹ̀rọ ẹ̀yìn káńtà. Màmá ti jókòó lẹ́yìn káńtà. Bọ́lánlé ń dá oníbàárà kan lóhùn lọ́wọ́ nígbà tí Festus pariwo.

"Àǹtí, kò sí nǹkan tó ṣe é o! Ẹnì kan ló já a kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó, ó ti ń ṣí."

Ojúewé àtijọ́ pòórá. Tuntun ń yọ láti òkè, díẹ̀díẹ̀. Àkọlé lẹ́tà tó wà lókè pátá ni "Ikú Adéyínká."

Bọ́lánlé sáré dé, ó na ọwọ́ láti bo ojú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá ti bo ojú Bọ́lánlé fúnra rẹ̀: "Má wò ó, ìyàwó mi, jọ̀ọ́, láti oṣù kẹta ni àlùfáà ìjọ wa ti sọ fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo ti ń wá láti sọ fún ọ, ẹnu mi ò gbà á."