Táyà Tó Jẹ Láti Inú

Dúró níbi tí o dé yẹn. Ohun tí ò ń lé kò ní sá lọ. Fetí sí mi ná. Ọkùnrin kan wà tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe olè, kì í ṣe àgbèrè, kì í sì í ṣe ọtí. Àṣehàn ni. Ohun tí ojú ayé bá rí nìkan ló kà sí. Èyí tí ojú ò bá tó, kò sí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Alágbàtà ilé ni. Dán-bí-Dígí ni wọ́n ń pè é, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sì fi ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún un, ó ra ọkọ̀ asáré pupa kan tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Bí ó bá ti jí, kó tó gbàdúrà, yóò ti mú àkísà bọ́ sóde. A nu ara ọkọ̀, a nu dígí, a wá fi òróró dúdú pa ẹ̀gbẹ́ táyà títí yóò fi máa kọ mànà. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ká ní táyà lòun ni, bóyá ọkọ òun ì bá máa rí òun.

Àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa pàdé ní ilé epo kan lọ́sàn-án Sátidé. Bí àgbàlagbà ṣe ń ro oríkèé tó ń dùn ún fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ro àìsàn ọkọ̀. Ọ̀kan á ní kílọ́ọ̀ṣì òun ti jóná. Èkejì á ní ẹ́ńjìnnì òun kì í fẹ́ràn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kíá ló máa ń gbóná. Ẹlòmíràn á ní gbogbo gegele ojú títì ló ti fá irùngbọ̀n ọkọ̀ òun tán. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gba ara wọn nímọ̀ràn. Dán-bí-Dígí nìkan ni kì í rí àìsàn kankan rò. Á ní tòun ò mọ orí fífọ́.

Lọ́jọ́ kan, dókítà eyín kan tí ọkọ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba sọ ohun tí ojú òun rí. Ó ní àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mú kí táyà ẹ̀yìn tẹ̀ sínú díẹ̀, kó lè di ilẹ̀ mú níbi tí ọ̀nà bá ti yí. Nítorí náà, inú lọ́hùn-ún ló ń jẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìta tòun dà bí tuntun, àfìgbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè tóun rí wáyà irin tó wà lábẹ́ rọ́bà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni dókítà wí, "ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé tiyín náà sókè wò. Ìgbà kan náà la rà á."

"Kí jáàkì máa ha ọ̀dà mi lábẹ́? Dókítà, eyín ni kẹ́ ẹ máa wò. Ṣé ẹ ò rí bí táyà mi ṣe ń dán ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Kí ló tún kù tó lè ṣe? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọkọ̀ náà ti ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: ó ń kùn lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì ń mì bí ilẹ̀ bá tutù. Dán-bí-Dígí yí rédíò sókè. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Àkókò yìí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ̀. Ojú ìyá yìí ti ṣú tipẹ́. Ohùn ló fi ń dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ rẹ̀ mú, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di omijé. Òjò ń rọ̀ lóde. Ẹ̀gbọ́n Dán-bí-Dígí obìnrin ti pe takisí tí ìjókòó rẹ̀ ga, ó ní Màámi ò lè ká ara wọn sínú ọkọ̀ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn.

"Ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún Màámi ni," ni Dán-bí-Dígí wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ohun tí ọmọ wọn ní."

Ìyá bá dá sí i. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó gbé òun.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, gbogbo ohun tí ìyá rí ló ń pè lórúkọ: agbòjò aláwọ̀ ewé, ajá tó sá sábẹ́ tábìlì, aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà yí lẹ́bàá afárá. Dán-bí-Dígí ò sáré. Ohun tó ń dùn ún jù títí dòní nìyẹn. Ìdí ọkọ̀ yọ̀. Ó tẹ bíréèkì. Ó yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ gba òsì. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sóhun tó dá a lóhùn. Ó ń wo òpó irin tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, bí ẹni tó ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé kejì láti ojú fèrèsé.

"Ọmọ mi, kí ló dé?" ni ìyá bi í.

Òpó ló fèsì.

Ara Dán-bí-Dígí ò bó. Ìyá ò kú, ojú rẹ̀ ò sì fọ́, ṣùgbọ́n láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ara rẹ̀ ti kú. Nígbà tí wọ́n fi irin gbé ọkọ̀ tó rún náà, gbogbo ènìyàn rí abẹ́ táyà: wáyà funfun gbalaja nínú, ìta ṣì ń dán.

Lẹ́bàá fèrèsé ni ìyá ń sùn báyìí. Ọmọ rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i láti ìhà kan sí èkejì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Ó ti kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi bó, ẹsẹ̀ ìyá ò mì. Ó ti bẹ Ọlọ́run pé kí ìyá kàn bú òun lẹ́ẹ̀kan. Ìyá kì í bú u. Ó máa ń wò ó ni, pẹ̀lú ojú tó mọ́ kedere, a sì bi í bóyá ó ti jẹun. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé ohun tó ń pa ni kì í sábà gba ojúde wá. Ẹni tí kò ní àléébù kankan láti rò láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun gan-an ni kí a bẹ̀rù fún. Ìrònúpìwàdà tó bá dé lẹ́yìn ìjàǹbá, Ọlọ́run lè gbà á, ṣùgbọ́n kì í gbé arọ dìde. Ẹni tí a gbé sínú ọkọ̀ ayé wa ló sì máa ń fara gba ohun tí a fi pamọ́. Ìwọ tí ò ń kà á, o mọ ibi tí tìrẹ ti ń jẹ. O ti ń gbọ́ kíkùn rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, pa rédíò yẹn, yà sẹ́bàá ọ̀nà lónìí, kí o sì jẹ́ kí Ẹlẹ́dàá rẹ wo inú rẹ.