Àgbò Kọ́ Ìdìmú Lọ́dọ̀ Akàn

Àlọ́ mi tàdí mẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ lu Àgbò.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ẹranko a máa jìjàkadì nínú agbo tí wọ́n fi eérú fà yí ká. Ẹni tó bá bọ́ síta eérú, a ti dá a nìyẹn. Ará ilé ẹni tó bá borí ní í kọ́kọ́ mu omi odò. Kíkàn nìkan ni Àgbò mọ̀. Ó tàdí mẹ́yìn kó lè lọ mú agbára wá, ló bá bọ́ síta eérú. Ìnàkí tó ń bá a jà borí láìlàágùn, àwọn ọmọ Àgbò sì mu ẹrẹ̀.

Àgùntàn ìyàwó rẹ̀ ní, “Baálé mi, ẹ lọ kọ́ ìdìmú lọ́dọ̀ Akàn.”

“Èmi? Lọ́dọ̀ ẹran ọbẹ̀?”

Ṣùgbọ́n òùngbẹ ọmọ kì í jẹ́ kí ìgbéraga bàbá pẹ́. Ó lọ. Akàn wo orí rẹ̀ títí, ó ní, “Ìwo yín ká bí ìkọ́, ẹ ò sì fi kọ́ nǹkan kan rí.”

Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé. Ìnàkí dúró láàárín agbo, ó ń dárin:

Àgbò, tàdí mẹ́yìn —
*Eérú ń wò ọ́.*
Lọ mú agbára wá —
*Eérú ń wò ọ́.*

Àgbò ò kúrò lójú kan. Ó fi ìwo kọ́ Ìnàkí lẹ́sẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó wá kàn án láyà. Ìnàkí fẹ̀yìn rìn títí. Nígbà tó máa wo ilẹ̀, iwájú rẹ̀ ni eérú wà.

Àgbò ní kí olùkọ́ òun ṣáájú ará ilé òun, Akàn ló kọ́kọ́ mu omi lọ́jọ́ náà. Ibi tí àlọ́ mi ti bọ́ síta agbo nìyí. Bí mo bá purọ́, kí Akàn dì mí létè mú.