Káfíńtà Tó Kọ́ṣẹ́ Dókítà Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ má tíì tan tẹlifíṣọ̀n yẹn o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin ná, torí inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1. Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gágun. Kò gbé ìbọn rí láyé ẹ̀! Eré ogun àtijọ́, tí wọ́n ti ń gẹṣin, tí wọ́n ń fi idà jà, ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó fi pákó oníbàárà gbẹ́ idà, ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló jọ máa ń wo eré ogun yìí. Ìyẹn ò burú. Eré náà dùn, èmi náà ń wò ó.

2. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ yìí tẹ ìṣó tó ti dípẹtà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ sáré dé.

"Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ gba abẹ́rẹ́!"

"Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Nígbà tí wọ́n ta akọni inú eré wa lọ́fà nítan lánàá, ṣé abẹ́rẹ́ ló gbà? Ọ̀bẹ gbígbóná ló fi jó o, ó sì gẹṣin lọ!"

Ẹ gbà mí o! Àgbàlagbà onírùngbọ̀n ki ọ̀bẹ bọná, ó fi jó ẹsẹ̀ ọmọ. Ọmọ figbe ta.

"Ọmọ ogun kì í sunkún!"

Ọmọ náà pa ẹnu mọ́, torí ó fẹ́ kí bàbá òun yin òun.

3. Ẹsẹ̀ wú, ó dúdú, ó ń rùn. Ìyá bẹ̀bẹ̀ títí, ọkọ ní obìnrin ò mọ nǹkan kan nípa ogun. Ìgbà tọ́mọ ò dá ìyá ẹ̀ mọ̀ mọ́ ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

4. Lẹ́yìn tí wọ́n padà délé, òṣèré tó ń ṣe akọni yẹn jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ká ṣòkòtò sókè: kò sí àpá kankan nítan ẹ̀.

"Ọ̀dà pupa lásán ni ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ọ̀bẹ náà ò tiẹ̀ gbóná."

Ọmọ wo ọ̀pá tó fi ń rìn, ó yíjú sí bàbá ẹ̀.

"Dádì, kí ló dé tí tèmi gbóná?"



Ẹ̀yin òbí, ẹ wo eré, ẹ gbádùn ẹ̀, àmọ́ ẹ má fi dán ara ọmọ yín wò! Bí ìṣó bá gún ọmọ, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré lọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.