Ìdíje Ẹ̀gbọ́n ní Bódìjà

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹni tó bá pàdánù lónìí á máa pe èkejì ní ẹ̀gbọ́n títí ayé!" Atọ́kùn pọ́díkáàsì géèmù àtijọ́ ló ń pariwo sínú makirofóònù ní pálọ̀ rẹ̀.

Sùrájù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi ọdún kan péré jù ú lọ, tí wọ́n jọ fẹ́ figagbága, rẹ́rìn-ín. Nígbà èwe wọn ní Agbowó, páàdì géèmù tí wáyà rẹ̀ ò wọnú ẹ̀rọ ló máa ń gbé fún àbúrò rẹ̀, tìyẹn á máa tẹ̀ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Ìdí nìyí tí atọ́kùn fi rọra yọ wáyà Sùrájù láàárọ̀ yìí.

Bí wọ́n ṣe tan ẹ̀rọ ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń tẹ páàdì, òógùn bò wọ́n.

"Góòlù!" Sùrájù fò sókè. "Ó yá, pè mí ní ẹ̀gbọ́n!"

"Irọ́ ni! Mo ti yọ wáyà ẹ!"

"Tèmi kẹ̀? Tìẹ ni mo yọ nígbà tó o lọ bu omi wá!"

Kaosarah, ìyàwó atọ́kùn, yọjú wo ìdí ẹ̀rọ. Wáyà méjèèjì wà nílẹ̀. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ṣì ń bá ara rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù.

Ó nàka sí ẹ̀rọ náà. "Ó yá, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n yín."