Ìdè Orúnkún Bàbá Mofẹ́

Ní ìdajì òkè Ẹ̀fọ̀n, kẹ̀kẹ́ mi dúró gbagidi. Ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, mà. Orúnkún yín ti ṣe iṣẹ́ tòní tán."

Èmi àti ọkọ mi ti ṣèlérí pé a ó jọ kọ́kọ́ dé orí òkè yìí ni, kò sí ẹni tí yóò ṣáájú ẹnì kejì. N kò ní padà nítorí ẹnu kẹ̀kẹ́. Ohun tí ìdè tí a so mọ́ orúnkún bá sọ fún un nípa ẹni tó wọ̀ ọ́ ni kẹ̀kẹ́ ń gbà gbọ́, nítorí náà mo sọ fún ọkọ mi tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ẹ yá mi ní tiyín."

"Rárá o, Ìyá Mofẹ́. Ó ti gbó."

Mo já a gbà, mo sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ mi.

Kẹ̀kẹ́ kígbe, "Bàbá Mofẹ́! Ẹ tún dé? Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti dé orí òkè yìí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ lọ sinmi!"

Mo yíjú sí ọkọ mi. "Ibi àdúrà òwúrọ̀ tí ẹ ń lọ nìyí?"

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sórí títì. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ kó pọ̀n mí. Ó pọ̀n mí. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì ń pariwo lẹ́yìn wa, "Bàbá! Orúnkún! Orúnkún!"

"Ẹ má dá wọn lóhùn," ni mo wí létí rẹ̀. "Ẹ kúkú mọ ọ̀nà."