Aṣọ Òkú Lára Ìyàwó Ọba

Ẹ̀yin tí inú yín máa ń ru bí iṣẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàbọ̀. Nítorí yín ni mo ṣe kọ ọ́.

Lọ́dún 1957, ọkọ̀ májígí wá sí Kabba, wọ́n sì fi àwòrán ọmọbìnrin tálákà kan tó lọ jó láàfin, tó sì di ìyàwó ọba, hàn wá. Ẹ̀wù tó wọ̀ fẹ̀ débi pé ẹni mẹ́ta lè sá òjò sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọdé ṣe irú eré náà, kí Elizabeth sì rán ẹ̀wù ìyàwó ọba.

Elizabeth àti Rhoda jọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Rhoda wọ egungun. Ó ní kí ni Elizabeth mọ̀ tí òun ò mọ̀?

Ẹ wò ó, Elizabeth kò bá a díje. Ó gbé aṣọ náà wá bá a nílé, ó sì kí i pé:

“Okun o, Rhoda. Ìbàdí ẹ̀wù yìí ń dà mí láàmú. Jẹ́ ká jọ rán an.”

“Ìwọ ni wọ́n pè,” ni Rhoda dá a lóhùn. “Rán an.”

Bí Elizabeth ṣe yí ẹ̀yìn padà ni Rhoda búra pé Tinúadé ọmọ òun ló máa wọ ẹ̀wù tí gbogbo ojú yóò wò. Aṣọ wo ni yóò fi rán an? Ìyá ọkọ rẹ̀, ọmọ Bùnù, ní aṣọ pupa kan nínú àpótí. Aṣọ ipò ni, èyí tí wọ́n fi ń sin olóyè. Màmá náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún de ọjọ́ ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, olóyè kan tó ti ń ṣàìsàn. Rhoda mọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé kò mọ̀. Ó kàn rò pé bí òun bá gé e, tí òun fi lésì funfun sí i létí, kò sẹ́ni tó máa dá a mọ̀. Owú ti fọ́ ọ lójú.

Lọ́jọ́ ìkórè, Sarah, ọmọ tó ń ṣe ìyàwó ọba, jáde nínú ẹ̀wù Elizabeth. Ìbàdí rẹ̀ wọ́ díẹ̀, síbẹ̀ a pàtẹ́wọ́. Ni Rhoda bá ti Tinúadé síta bí ìyàwó ọba kejì. Ẹ̀wù náà dára, ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà tó jókòó níwájú dìde, ọ̀kan sì bi ọmọ náà léèrè pé ta ló kú nílé wọn. Tinúadé ń wo ìyá rẹ̀, omi ti lé sí i lójú. Ìyá bàbá rẹ̀ wá, ó fọwọ́ kan ẹ̀wù náà, ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

“Rhoda, kí ni mo máa fi sin ẹ̀gbọ́n mi?”

“Iye, ẹ má bínú,” ni Rhoda bẹ ìyá ọkọ rẹ̀. “Màá tú u, màá rán an pọ̀ padà.”

“A kì í fi alábulẹ̀ sin olóyè,” ni màmá wí.

Kò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ẹ̀gbọ́n náà kú. Wọ́n sin ín láìsí aṣọ ipò, màmá kò sì lè gbójú sókè wo àwọn ará ilé bàbá rẹ̀. Ní Kabba, ẹnikẹ́ni kò gbé aṣọ fún Rhoda rán mọ́. Ọkọ rẹ̀ dá a padà sí Iyamoye, ìlú rẹ̀, ó sì gba Tinúadé lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ọmọ náà sá pamọ́, kò jáde wá kí i.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣọ́ra. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ bá a ṣe é, tàbí kí ẹ jẹ́ kó ṣe é. Owú kì í wo ẹni tí nǹkan jẹ́ tirẹ̀ kó tó fà á ya. Òjòwú kò lẹ́ran láyà.